Ohun tí Ó Ń Ba Ará Ìgbàanì Lẹ́rù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ìtumọ̀ òwe yìí ni pé ẹ̀rù kì í ṣe ọmọ àlè. Ó ní ìyá, ó ní bàbá, ó sì ní ilé tí a gbé bí i. Ohun tí ó ń dẹ́rù ba ìran kan kì í sábà dá lé asán. Bí a bá fi sùúrù tọ ipasẹ̀ rẹ̀, a ó bá ejò tí ó kọ́kọ́ bu ìran náà ṣán. Èyí ni mo fẹ́ fi ìtàn fi hàn nínú àròkọ yìí, nítorí ọ̀rọ̀ kan tí ó dìde nínú ẹbí wa.

Ìlú Roodepoort ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Johannesburg ní Gúúsù Áfíríkà. Wúrà ni ó bí ìlú náà. Ní ọdún 1884 ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Struben rí wúrà ní oko tí a ń pè ní Wilgespruit, kò sì pẹ́ tí àwọn awakùsà fi rọ́ dé láti ibi gbogbo. Lónìí, ìlú náà ti di apá kan Johannesburg, ibẹ̀ sì ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ. Ọmọkùnrin rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa pàdé ní alẹ́ Sátidé láti ṣe eré kan tí mo lè pè ní eré ìtàn àjùmọ̀sọ. Wọn a jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan nínú wọn ni olùdarí. Òun ni yóò sọ ibi tí ìtàn dé àti ewu tí ó wà níwájú. Olúkúlùkù àwọn yòókù a gbé ìwà ènìyàn kan wọ̀, ọdẹ, àgbẹ̀ tàbí jagunjagun, a sì sọ ohun tí ẹni náà yóò ṣe; dáìsì ni ó sì ń pinnu bóyá ohun tí ó dáwọ́ lé yóò bọ́ sí i tàbí kò ní bọ́ sí i. Àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ irú eré yìí jáde ní ọdún 1974, tí wọ́n pè é ní Dungeons & Dragons. Ní ọdún 1981 ni òmíràn jáde, Call of Cthulhu, tí ó jẹ́ pé ẹ̀rù gan-an ni a fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ọmọ náà ń múra eré ẹ̀rù tuntun sílẹ̀, tí yóò wáyé ní ilẹ̀ Skandináfíà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣí ìwé tí ó fi ń ṣètò, tí ó rí i pé òkú tí ń rìn àti àwọn oṣó ni ó kún inú rẹ̀, àyà rẹ̀ já. Ó kọ̀wé sí mi pé, "Àbúrò mi, ìwọ tí o mọ ìwé ìtàn, ṣé kì í ṣe ẹ̀mí àìmọ́ ni ọmọ yìí ń ké sí wá sínú ilé mi?" Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1980 sí 1990, ọ̀pọ̀ òbí àti oníwàásù ni ó fi ẹ̀sùn awo òkùnkùn kan irú eré yìí. Ní Gúúsù Áfíríkà pàápàá, ìbẹ̀rù awo òkùnkùn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọlọ́pàá fi dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní ọdún 1992 láti máa wádìí ìwà ọ̀daràn tí ó bá jẹ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta ni ìwé ọmọ náà tún tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ohun tí òun ń fẹ́ mọ̀ ni ohun tí yóò ba àwọn ẹgbẹ́ òun lẹ́rù jù lọ. Ìbéèrè méjì ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn kan ṣoṣo ni mo rí fún méjèèjì, inú ìtàn ni mo sì ti rí i.

Kí a tó kọjá sí òkè òkun, ẹ jẹ́ kí a wo ìtòsí Roodepoort fúnra rẹ̀. Ní gbogbo agbègbè náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti gbọ́ nípa Tokoloshe, ẹ̀dá kúkúrú kan tí a ní ó máa ń wọlé tọ ènìyàn lóru. Nítorí rẹ̀, àwọn kan a máa fi bíríkì gbé ẹsẹ̀ ibùsùn wọn sókè kí ọwọ́ rẹ̀ má baà tó wọn. Àwọn kan ti ṣàlàyé pé èéfín iná tí a ń dá sínú ilé nígbà òtútù ni ó ń pa àwọn tí ó sùn sílẹ̀, tí àwọn tí ó sùn sókè fi ń jí ire. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni o, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́ o, ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kò yí padà: ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ẹ̀rù kan, kí ó béèrè irú ilé tí àwọn tí ó ń bà ń gbé, irú iná tí wọ́n ń yá, àti ohun tí ó ń pa wọ́n.

Nísinsìnyí, kí ni ó ń pa àwọn ará àríwá? Ilẹ̀ tí a ń sọ ni Nọ́wè, Swídìn àti Dẹ́nmáàkì, pẹ̀lú erékùṣù Áísílándì tí àwọn ará Nọ́wè bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀dó sí láti nǹkan bí ọdún 870. Láti ibẹ̀ ni àwọn tí ayé mọ̀ sí Viking ti jáde. Ní ọdún 793 ni wọ́n kọlu ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní Lindisfarne, ní etí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pa nínú wọn, wọ́n sì kó ẹrù wọn lọ. Láti ìgbà náà títí di nǹkan bí ọdún 1066 ni ọkọ̀ wọn fi ń já àyà àwọn ará Yúróòpù. Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé nígbà tí Viking ń dẹ́rù ba gbogbo ènìyàn, kò sí ohun tí ó ń dẹ́rù ba Viking. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń jà lójú òkun ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àgbẹ̀ ni wọ́n nílé. Wọ́n ní màlúù, wọ́n ní àgùntàn, wọ́n ní aya àti ọmọ, wọ́n sì ní ìgbà òtútù tí wọ́n gbọ́dọ̀ là kọjá.

Ìgbà òtútù yìí ni ejò àkọ́kọ́. Ní ìpẹ̀kun àríwá ilẹ̀ náà, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ń bẹ nínú ọdún tí oòrùn kì í yọ rárá. Bí koríko gbígbẹ tí a kó pamọ́ bá tán kí òtútù tó ká ẹsẹ̀ nílẹ̀, ẹran ọ̀sìn a kú, ènìyàn a sì tẹ̀ lé wọn. Ní ọdún 536, èyí tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣẹlẹ̀. Òkè kan tí ń yọ iná bú, eérú àti èéfín rẹ̀ sì bo sánmà ayé. Procopius, òpìtàn ilẹ̀ Róòmù ti ìlà-oòrùn, ṣàkọsílẹ̀ pé oòrùn pàdánù ìtànṣán rẹ̀, tí ó ń ràn bí òṣùpá. Òkè mìíràn tún bú ní nǹkan bí ọdún 540. Ní Skandináfíà, àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí ipa ọ̀pọ̀ abúlé tí a fi sílẹ̀ di ahoro ní ọ̀rúndún kẹfà náà. Nígbà tí Snorri Sturluson, ará Áísílándì, wá kọ ìtàn àwọn òrìṣà ilẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1220, ó sọ nípa òtútù ńlá kan tí yóò ṣáájú òpin ayé, ìgbà òtútù mẹ́ta léraléra tí kò ní sí ẹ̀ẹ̀rùn kankan láàárín wọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan gbà pé ìrántí ọdún 536 ni ó fara pamọ́ sínú ìtàn náà. Ejò ti bù wọ́n ṣán ní nǹkan bí 700 ọdún ṣáájú, ojú ọgbẹ́ náà sì wà nínú ìtàn wọn síbẹ̀.

Ejò kejì ni òkú. Àwọn ará àríwá gbà pé òkú ẹlòmíràn kì í gbé jẹ́ẹ́ nínú sàréè rẹ̀. Draugr ni wọ́n ń pe irú òkú bẹ́ẹ̀. Kí òǹkàwé má ṣe rò pé àkúdàáyà tiwa ni. Àkúdàáyà a fi ìlú tí ó kú sí sílẹ̀, a lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, a gbé ìyàwó, a sì máa ṣòwò rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí ojúlùmọ̀ yóò fi rí i. Draugr kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí ó gbé kú náà ni ó ń padà sí, pẹ̀lú ara rẹ̀ tí ó ti wú, tí ó sì wúwo ju ti alààyè lọ. A máa gun òrùlé bí ẹni gun ẹṣin, a sì máa ṣẹ́ ẹran ọ̀sìn léegun.

Nínú ìtàn Grettir, tí a kọ sílẹ̀ ní Áísílándì ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Glámr. Ará Swídìn ni, ó gba iṣẹ́ darandaran lọ́dọ̀ àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Thorhall. Àárín ọdún Kérésìmesì ni ó kú sórí òkè, kò sì pẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí padà wá. Grettir alágbára bá a jìjàkadì nínú ilé títí àwọn méjèèjì fi já síta. Bí Glámr ti ṣubú, ìkúùkù ṣí, òṣùpá tàn, Grettir sì rí ojú òkú náà tí ó ń yí. Ó ṣẹ́gun, ó sì gé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó gé e, Glámr ti fi í ré pé ojú òun méjèèjì yóò máa wà níwájú rẹ̀ títí láé. Láti òru ọjọ́ náà, akọni tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni kò lè dá wà nínú òkùnkùn mọ́. Ẹni tí ó bá ń wá ohun tí yóò ba ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́rù, kí ó ronú lé èyí lórí. Kì í ṣe èékánná òkú ni ó ba Grettir jẹ́. Ojú rẹ̀ tí kò kúrò lọ́kàn ni.

Ìtàn ilé Froda tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan bí ọdún 1000 ni a ní ó ṣẹlẹ̀, ní àkókò tí ìgbìmọ̀ Áísílándì, èyí tí wọ́n ń pè ní Althing, fi òfin gba ìsìn Kristi. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Thorgunna ti erékùṣù Hebrides wá, ó sì ní aṣọ ibùsùn tí ó dára púpọ̀. Kí ó tó kú, ó pàṣẹ pé kí wọ́n sun aṣọ náà. Ṣùgbọ́n ojú Thurid, ìyáálé ilé, ti wọ̀ ọ́. Ó rọ ọkọ rẹ̀ títí ó fi dá díẹ̀ sí níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ikú wọlé. Nínú 30 ènìyàn tí ó wà nínú ilé náà, 18 kú. Baálé ilé rì sómi pẹ̀lú àwọn tí ó bá a wa ọkọ̀ lọ. Bí a sì ti ń ṣe àsè òkú wọn, àwọn fúnra wọn wọlé dé, omi ń ro tótó lára aṣọ wọn, wọ́n sì jókòó ti iná. Àwọn òkú tí a sin sílẹ̀ tẹ̀ lé wọn wọlé, wọ́n ń gbọn erùpẹ̀ ara wọn sí wọn lára. Alẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń wá, tí àwọn alààyè fi sá kúrò nídìí iná.

Báwo ni a ṣe lé wọn? A kò fi idà lé wọn. Snorri, ìjòyè àdúgbò náà, gbà wọ́n nímọ̀ràn kí wọ́n sun aṣọ tí ó kù, kí wọ́n sì pe àwọn òkú lẹ́jọ́. Wọ́n gbé ilé ẹjọ́ kalẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Wọ́n pe òkú kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, wọ́n ka ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n gbọ́ ẹ̀rí, wọ́n sì dá ẹjọ́. Bí a ti ń dá a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dìde, tí ó ń sọ gbólóhùn ìdágbére kan, tí ó sì ń jáde lọ. Lẹ́yìn náà ni àlùfáà bu omi mímọ́ wọ́n ilé. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: ìlérí tí a dà ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún ẹ̀rù, òfin àti òdodo ni ó sì tì í.

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà nínú ìtàn méjèèjì tí kò yẹ kí a gbójú fò. Àlejò ni Glámr. Àlejò ni Thorgunna. Àwọn tí ó ti òkè odò wá sí àárín àwọn onílé ni àwọn onílé ń bẹ̀rù jù lẹ́yìn ikú wọn. N ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí láìpẹ́.

Ejò kẹta ni ènìyàn tí ó gbé ìrísí mìíràn wọ̀. Ní ọdún 1870 ni a rí àwo idẹ mẹ́rin ní Torslunda, ní erékùṣù Öland ti Swídìn, tí a ti ṣe ṣáájú ìgbà àwọn Viking. Lára ọ̀kan nínú wọn ni a ya jagunjagun tí ó fi awọ ìkookò bo ara àti orí, tí ó dúró ti ẹnì kan tí ń jó pẹ̀lú akoro oníwo. Ní èbúté Hedeby, tí ó jẹ́ ìlú òwò àwọn ará Dẹ́nmáàkì ní ọ̀rúndún kẹwàá, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ìbojú ẹranko tí a fi irun àgùntàn rírẹ́ ṣe. Ní ọ̀rúndún kẹwàá yìí kan náà, ìwé ètò ààfin tí Ọba Constantine Keje ṣe ní Constantinople sọ pé ní àkókò Kérésìmesì, àwọn tí wọ́n ń pè ní Goth a máa jó níwájú ọba pẹ̀lú ìbojú lójú àti awọ ẹran lára. Ará àríwá mọ̀ pé bí ènìyàn bá gbé awọ ìkookò wọ̀, àwọn tí ó ń wò ó kò ní rí ènìyàn mọ́.

Ta ni yóò ka èyí tí kò ní rántí Ilé-Ifẹ̀? Ìtàn náà wọ́pọ̀ lẹ́nu wa. Samuel Johnson sì kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Ní ìgbà ìwáṣẹ̀ ìlú náà, àwọn kan tí a ń pè ní Ìgbò a máa jáde láti inú igbó wá kó Ifẹ̀ lẹ́rú àti lẹ́rù. Kì í ṣe àwọn ará ìlà-oòrùn Ọya tí ń jẹ́ Ìgbò lónìí ni a ń sọ. Koríko ẹ̀kan àti ìko ni wọ́n fi ń bo ara láti orí dé ẹsẹ̀, àwọn ará Ifẹ̀ sì gbà pé iwin ni wọ́n, pé àwọn òrìṣà ni ó rán wọn wá. Ọmọ ogun kì í bá iwin jà. Bí wọ́n bá ti yọ, gbogbo ìlú a sá.

Mọ́remí ni ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó wà lábẹ́ ìko. Ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún odò Ẹ̀sìnmìrìn, ó sì jẹ́ kí àwọn Ìgbò mú òun lẹ́rú. Nítorí ẹwà rẹ̀, ọba wọn fi í ṣe aya. Níbẹ̀ ni ó ti rí i pé ènìyàn bí òun ni wọ́n, tí ń jẹun, tí ń sùn, tí ń bímọ, àti pé ohun tí wọ́n ń wọ̀, iná lè jó o. Ó sá padà wálé, ó sọ àṣírí náà. Nígbà tí àwọn Ìgbò tún dé, àwọn ará Ifẹ̀ ko wọ́n lójú pẹ̀lú ògùṣọ̀, ẹ̀rù ọdún pípẹ́ sì di eérú lójú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ kò ṣeé dà. Ẹ̀sìnmìrìn béèrè ọmọ kan ṣoṣo tí Mọ́remí bí, ó sì fi í sílẹ̀. Ní ọdọọdún ni Ifẹ̀ ń ṣe ọdún Edì ní ìrántí rẹ̀. Ní ọdún 2016 ni a sì gbé ère gàgàrà kan dìde fún un ní ìlú náà.

Ta ni àwọn Ìgbò wọ̀nyí? Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé àwọn onílẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n, tí wọ́n wọ igbó lọ nígbà tí ìdílé Odùduwà gba àkóso ìlú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé kì í ṣe iwin ni ó ń bá Ifẹ̀ jà. Aládùúgbò tí inú ń bí ni, tí ó ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Ìko kò fi í hàn, ìlú kò sì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Níhìn-ín ni mo fi èsì mi sí. Mo kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi pé àwọn ọmọ tí ó jókòó yí tábìlì ká kò ké sí ẹ̀mí kankan. Ohun tí wọ́n ń ṣe, ó jọ ohun tí àwa náà ṣe lábẹ́ òṣùpá nígbà tí ìyá wa ń pa àlọ́ fún wa, tí a fi ń sùn mọ́ra wa. Mo rán an létí pé òun fúnra rẹ̀ mọ ohun tí ẹ̀rù èké lè ṣe. Ní oṣù May ọdún 2008, ìjà dìde sí àwọn àlejò ní Gúúsù Áfíríkà. Ní Alexandra ní Johannesburg ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lé ní 60 ènìyàn tí ó bá a lọ. Àwọn tí ó ń lé wọn kiri kò rí alágbàṣe tàbí oníṣòwò mọ́. Ìbojú ni wọ́n rí, ìbojú tí àwọn fúnra wọn gbé wọ aládùúgbò wọn. Kì í ṣe eré orí tábìlì ni ó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò ni.

Mo sì kọ̀wé sí ọmọ náà. Mo ní kí ó fi òtútù àti ebi ṣáájú kí ó tó mú òkú jáde, nítorí ilé tí koríko ti tán ti ń bẹ̀rù kí ẹnikẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn. Mo ní kí òkú rẹ̀ ní orúkọ, kí ó ní ìdí tí ó fi padà wá, kí ó sì jẹ́ ẹni tí àwọn alààyè ṣẹ̀. Mo ní kí ó má ṣe fi idà nìkan ṣe òpin eré. Kí ó jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè gbé ilé ẹjọ́ kalẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, bí àwọn ará Froda ti ṣe, tàbí kí ẹnì kan nínú wọn lè lọ wo ohun tí ó wà lábẹ́ ìko, bí Mọ́remí ti ṣe. Kí ó sì jẹ́ kí ẹni tí ó bá lọ mọ̀ pé owó kan wà tí òun yóò san. Ẹ̀rù tí a borí lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ṣe ẹ̀rù.

Ẹ̀gbọ́n mi fèsì pé òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe pa iná yàrá. Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé oúnjẹ wá fún wọn, tí ó sì jókòó pa ìtàn Mọ́remí fún wọn. Ọmọ Yorùbá méjì ni ó wà láàárín wọn, àwọn yòókù jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tí ó dìde títí ìtàn náà fi parí.

Kò sí ìran tí kò ní ejò tirẹ̀. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni kí a mọ ejò yàtọ̀ sí ekòló, kí a má baà gbé kùmọ̀ lé ekòló lórí, nígbà tí ejò ṣì wà nínú koríko.